Ọtí àti Ohun Ìjà Nínú Ilé Kan

Ẹni tí ó bá dé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó yóò rí àwọn òkè àpáta ńláńlá tí ó yí ìlú wọ̀nyí ká. Ó lè rò pé ẹwà wọn ni ó fa àwọn baba ńlá wa lọ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í torí ẹwà nìkan gun orí àpáta lọ kọ́ ilé, kí oko rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù ogun ni. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà a máa wá kó ènìyàn lẹ́rú ní Àkókó, wọ́n sì ní ibùdó ní Kàbà tí kò jìnnà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun ìjà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí ọkùnrin bá sùn, ọrun àti ọfà, tàbí idà, tàbí ìbọn ṣakabùlà a wà ní ìtòsí rẹ̀. Ẹmu, ògùró àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò sì jìnnà sí ilé, nítorí ọtí ni a fi ń ṣe àlejò, òun ni a fi ń ṣe ìyàwó. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò ni èyí: bí ohun méjèèjì yìí bá pàdé ní ọwọ́ ọkùnrin kan ní òru, ta ni ó ń ṣọ́ ilé?

Àwọn àgbà wí pé ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ẹṣin kò lè gun àpáta, ṣùgbọ́n ènìyàn lè rọra gùn ún nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ojú tí ó là ni ohun ìjà kìn-ín-ní. Idà ni ìkejì. Ojú yìí gan-an ni ọtí sì kọ́kọ́ ń mú lọ.

Ẹ rántí ìtàn Ògún ní Irè Èkìtì. Wọ́n ní ó ti ojú ogun dé pẹ̀lú òùngbẹ, ó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó kí i. Ó gbé agbè ẹmu, ó sì bá a ní òfìfo. Ó rò pé wọ́n kẹ́gàn òun, ni ó bá fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Nígbà tí ó mọ òtítọ́, ẹ̀pá kò bóró mọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé ó ti mutí yó kí ó tó pa àwọn ènìyàn tirẹ̀. Bí ó ti wù kí a sọ ọ́, ẹ̀kọ́ kan náà ni: idà tí a mú lọ bá ọ̀tá jà padà wá sí ilé, ó sì pa ará ilé. Idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ.

Ìwé Mímọ́ náà kò dákẹ́. Bẹni-Hadadi dó ti Samaria, ṣùgbọ́n ó ń mutí nínú àgọ́ pẹ̀lú ọba 32 nígbà tí àwọn ará ìlú jáde sí i. Orí ẹṣin ni ó fi sá là. Ela, ọba Israẹli, ń mutí àmuyó nínú ilé Arsa ní Tirsa nígbà tí Simri, olórí ìdajì kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, wọlé tí ó sì pa á. Kò ṣe aláìní ọmọ ogun. Ìmọ̀ràn àti ìṣọ́ra ni ó ṣe aláìní.

Àwọn oníṣòwò òyìnbó sì kó ìbọn àti ọtí líle wá sí etíkun wa pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson gbógun ti òwò ọtí yìí gidigidi. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá pàápàá rí i: ìwé àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 fi ìhámọ́ sí ìbọn àti ọtí ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ní Saint-Germain ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìbọn àti òmíràn lórí ọtí ní ọjọ́ kan náà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 sì ka ọ̀mùtí mọ́ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé àṣẹ ìbọn, pẹ̀lú ọmọdé àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ogun Núpé ti kásẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù olè àti ajínigbé kò tíì kúrò ní ojú ọ̀nà wa, ìbọn ọdẹ sì ń bẹ lára ògiri ilé púpọ̀. N kò bá ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ọmọ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n kí ó yan ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ kan: bí ó bá fẹ́ mutí, kí ó kọ́kọ́ fi ìbọn lé ẹni tí ojú rẹ̀ dá lọ́wọ́, bí ó bá fẹ́ ṣọ́nà, kí ó gbé agbè kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí méjèèjì ní ọwọ́ kan, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ yára pe àgbà. Ẹni tí ó mutí yó tí ó sì gbé ìbọn dání kò ṣọ́ ilé mọ́; òun gan-an ni ó yẹ kí ilé máa ṣọ́.