Ẹ̀kọ́ tí fádà ń lọ kọ́ lẹ́yìn tó ti di àlùfáà

Ẹni tó jẹ́ Kátólíìkì ní Òjòkú, lẹ́bàá Ọ̀fà, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Ìlọrin ló wà. Bíṣọ́ọ̀bù yìí ló ń yan àlùfáà fún àwọn ìjọ rẹ̀, òun náà ló sì láṣẹ láti rán àlùfáà kan padà sí yunifásítì. Èyí a máa ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọn a ní, ṣebí fádà ti kàwé tán kí wọ́n tó fi jẹ àlùfáà?

Ó kàwé lóòótọ́. Ìwé Òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1983 béèrè ọdún mẹ́fà gbáko, ó kéré tán: méjì fún fìlọ́sọ́fì, mẹ́rin fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ló kọ́ ọ ní Sẹ́mínárì Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Bódìjà, Ìbàdàn. Wọn a tún máa rán wọn jáde sáàárín ìjọ, nítorí ẹni tí kò mọ bí a ti ń tu opó nínú kò tíì ṣe tán, bó ti wù kí ó gbọ́ Látìn tó.

Oyè ìmọ̀ àkọ́kọ́ yìí tó fún iṣẹ́ àlùfáà. Kò tó fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn àlùfáà ọ̀la. Òfin kan náà ní kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní oyè licentiate, tí wọ́n sábà máa ń fi ọdún méjì kọ́, tàbí oyè dókítà. Láyé àtijọ́, Róòmù ni wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni John Onaiyekan, ọmọ Kábbà, ti gba oyè dókítà ní 1976 kí ó tó ṣiṣẹ́ ní Bódìjà. Òun ló jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Ìlọrin láti 1984 sí 1990. Ní 1981 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiwọn sílẹ̀, èyí tó wà ní Port Harcourt. Àwọn sístà àti ọmọ ìjọ náà ń kàwé níbẹ̀. Lójú tèmi, èyí sàn ju kí gbogbo wọn máa sọdá òkun lọ.

Síbẹ̀, àwọn ìjọ kéékèèké ló ń san nínú gbèsè rẹ̀. Bí fádà bá lọ, tí a kò tètè rí arọ́pò, kátíkíìsì ni yóò máa darí àdúrà ọjọ́ Àìkú. Kò lè ṣe Mísà, kò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ aláìsàn tó wà lórí àkéte.