Obì Gbànja, Ọ̀nà Òkè Ọya, àti Èrè Àgbẹ̀ Ìbàdàn

Èso tútù kò dà bí irin tàbí aṣọ tí oníṣòwò lè tì mọ́ inú àká títí di ọjọ́ tí ọjà yóò gbówó lórí. Láti ọjọ́ tí a bá ti já a kúrò lórí igi ni ìbàjẹ́ ti ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn òwò èso tútù kò gbọdọ̀ dúró sí oko nìkan. Dandan ni kí ó tọ ẹrù náà lẹ́yìn, kí ó mọ ẹni tí ó gbé e, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà, àti ẹni tí ó mọ iye tí a ń tà á níbi tí ọ̀nà parí sí.

Ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Adégbayì dé Ẹgbẹ́dà, títí lọ sí Lágelú àti Akínyẹlé, kòkó ni irè oko tí orúkọ rẹ̀ kún inú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n obì gbànja, tí àwọn àgbẹ̀ gbìn mọ́ kòkó, sọ ohun kan fún wa tí kòkó kò lè sọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbígbẹ ni a ń gbẹ kòkó kí ó tó dé inú ọkọ̀, nígbà tí obì ní láti dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ní tútù.

Oríṣi obì méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obì àbàtà ni ti ìbílẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó máa ń ní àwẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì fi ń bọ òrìṣà. Gbànja, tí ó ní àwẹ́ méjì, àlejò ni. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń tọ́ka sí ilẹ̀ Gonja, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà òde òní. Gbànja yìí ni àwọn Haúsá fẹ́. Àbàtà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí ka ọtí léèwọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò ka obì léèwọ̀. Obì a máa lé oorun lọ, a sì máa mú ebi àti àárẹ̀ fúyẹ́. Wọn a máa fi ṣe àlejò, wọn a máa fi sọmọ lórúkọ, wọn a sì máa fi so yìgì. Bẹ́ẹ̀ ni igi rẹ̀ kò lè gbé inú ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ tí wọ́n ń gbé. Ọjà ńlá nìyẹn: àwọn tí wọn kò lè ṣe aláìní ohun tí ilẹ̀ wọn kò lè hù.

Fún ìgbà pípẹ́, inú igbó Àṣáńtì ni púpọ̀ nínú obì náà ti ń wá. Ọjà Salaga ni àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń rà á, tí wọn a sì dì í sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ sí Kánò. Ewé tútù ni wọ́n fi ń wé e. Lójú ọ̀nà, wọn a máa tú ẹrù, wọn a ṣa èyí tí ó ti ń bàjẹ́ kúrò, wọn a sì tún un dì. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Àṣáńtì ní ọdún 1874, ọ̀nà Salaga kò rí bí ó ti rí mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi kó gbànja láti Àkírà wá sí Èkó, kí a tó gbé e gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá sí Òkè Ọya. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tí àwọn ará Èkó fi ń jẹ èrè lórí èso tí oko wọn kò tíì so.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rò ó pé kí ni ó dé tí a kò fi lè gbin ohun tí a ń rù. Ní Agége, níbi tí àwọn oníṣòwò Èkó ti sọ ara wọn di àgbẹ̀, a gbin gbànja mọ́ kòkó. J. K. Coker ni olókìkí jù nínú wọn, òun ni ó sì jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége tí a dá sílẹ̀ ní 1907. Láti ibẹ̀ àti láti Abẹ́òkúta ni gbígbìn rẹ̀ ti tàn káàkiri, títí ó fi kan oko Ìbàdàn. Igi obì kì í kánjú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbẹ̀ ń dúró kí ó tó so dáradára.

Bí igi ti ń dàgbà ni ojú irin ń gùn. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Làlúpọn kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907. Nígbà tí ó sì fi di 1912, ọkọ̀ ti ń ná Èkó sí Kánò, ìrìn tí ó lé ní 700 máìlì. Ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gúúsù àti Àríwá lábẹ́ òfin nígbà náà, títí di 1914 tí a pa wọ́n pọ̀. Ohun tí ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé obì tí ń ti Gold Coast wá gba ọ̀nà òkun dín kù gidigidi ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ Àṣáńtì gbàgbé iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó kúrú ju tiwọn lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó di ọ̀nà tuntun náà mú? Ní 1916 ni a dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Haúsá. Abner Cohen, ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, fi hàn pé òwò méjì ni ó gbé àdúgbò náà ró: màlúù tí ń ti Àríwá bọ̀, àti obì tí ń lọ sí Àríwá. Ọwọ́ àwọn tí a ń pè ní màigídá ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ni wọ́n ń gba àlejò oníṣòwò sílé, tí wọ́n ń bá a rajà, tí wọ́n ń ṣe onídùúró fún un, tí wọ́n sì ń parí ìjà lórí gbèsè. Àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú òwò náà. Àwìn kò sì lè dúró láìsí ìgbẹ́kẹ̀lé. Èdè kan, ẹ̀sìn kan àti àṣà kan ni ó so ẹni tí ń ra obì ní Ìbàdàn pọ̀ mọ́ ẹni tí ń tà á ní Kánò.

Àgbẹ̀ Yorùbá kò sí nínú okùn yìí. Ó mọ iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀; kò mọ iye tí wọ́n ń tà á níbi tí ó ń lọ. Àwọn kan a máa pe èyí ní ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò rọrùn láti dá. Alágbàtà ni ó ń ru òfò nígbà tí kòkòrò bá wọ inú apẹ̀rẹ̀ tàbí tí ọkọ̀ bá pẹ́ lọ́nà. Òun ni ó mọ ìgbà tí a ń fẹ́ funfun ju pupa lọ. Ìmọ̀ àti ewu wọ̀nyí ní owó tiwọn. Síbẹ̀, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹni tí kò mọ òpin ọ̀nà kò lè bèèrè iye tí ó tọ́ sí i.

Ọjà kan wà tí ọwọ́ Yorùbá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, láti Èkó ni obì àti orógbó ti ń lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, pẹ̀lú aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ, àti àwọn ọmọ wọn, ń fẹ́ obì fún òrìṣà wọn. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà sí Èkó sì mọ ẹni tí wọn yóò kó o ránṣẹ́ sí. Níbẹ̀, ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà jọ mọ ohun tí obì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń dín kù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni òwò náà ń rọ. Lónìí, igi obì ń so ní Bahia fúnra rẹ̀. Ohun tí Agége ṣe sí Àṣáńtì ni Bahia ṣe sí Èkó.

Ní 1964 ni a dá ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ nípa kòkó sílẹ̀ ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, obì sì wà lára àwọn irè oko tí ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Iṣẹ́ rere ni láti mú kí igi so púpọ̀, àti láti lé kòkòrò jìnnà sí èso. Ṣùgbọ́n ìtàn gbànja kìlọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ni oko jẹ́. Bí a bá ń gba àgbẹ̀ níyànjú lónìí pé kí ó gbin ọsàn, máńgòrò tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún ọjà òkè òkun, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú ọkọ́ àti àdá: Ta ni yóò ru òfò bí èso bá rà lọ́nà? Ta ni ó mọ iye rẹ̀ ní òpin ìrìn? Ọdún mélòó ni yóò sì kọjá kí ẹni tí ó ń rà á tó gbin tirẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n gbin gbànja sí Ìbàdàn kò rí ẹni bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí. Wọ́n gbìn, igi so, ọkọ̀ sì kó o lọ.