Láti Aké dé Mágbọ̀rọ̀: Ìwé Ìròyìn àti Àwọn Èèkàn Agbègbè Wa

Aké, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà. Lónìí, Mágbọ̀rọ̀, tó fara kan Ìbàfò, ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch wà. Láàárín ibi méjèèjì yìí ni Ifọ̀ àti Mowé wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé ìròyìn ṣe rìn débí, kó tọpa ojú irin àti ọ̀nà márosẹ̀.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS, dá Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1854, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìwé ọ̀hún ń jáde. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣí i á rí ìròyìn ìjọ, ẹni tó kú, ẹni tó dé, ẹni tó lọ, àti iye tí wọ́n ń ta òwú. Ohun tí Townsend ń lé ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dàrú. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn Ẹ̀gbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Glover, gómìnà ibẹ̀, pé ó ń wá bí yóò ṣe wọ ilẹ̀ wọn. Ní October 1867, inú ìlú ru. Wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe rògbòdìyàn náà títí dòní. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá lọ, Ìwé Ìròhìn sì kógbá sílé.

Nígbà tí ojú irin dé, ìròyìn tún rí ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Ifọ̀ kọjá. Ifọ̀ di oríta nígbà tí wọ́n ya ẹ̀ka kan lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò, ìlú tí wọ́n bí Ebenezer Obey, olórin jùjú, sí ní 1942.

Àwọn ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn kò fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ fún òyìnbó nìkan. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé Concord jáde ní 1980. Èyí tó tún kan ọ̀nà wa gbọ̀ngbọ̀n ni ti Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà. Ní January 1966, lẹ́yìn tí àwọn ṣójà gbé olórí ìjọba, Tafawa Balewa, lọ, ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn Daily Times yìí wà lára àwọn tó rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Akọ̀ròyìn yẹn ló padà di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ibògùn-Ọláògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ni wọ́n bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí. Nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba ológun ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ọ̀nà yìí ló yí Mowé àti Ìbàfò padà. Ní 1983, ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ ní tòsí Mowé. Ibẹ̀ ló di Redemption Camp. Àwọn tí owó ilé Èkó ti ga jù fún náà ń ya wá, oko sì di àdúgbò.

Punch náà bá ọ̀nà yìí wá. James Aboderin àti Sam Amuka ló dá a sílẹ̀. Sunday Punch jáde ní 1973, ti ojoojúmọ́ sì tẹ̀ lé e ní November 1976. Ìkẹjà ló wà kó tó kó wá sí Mágbọ̀rọ̀. Òun náà ti rí ìjì: ìjọba ológun Abacha tì í pa ní 1994, ó ju ọdún kan lọ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò rí bíi ti Aké. Ó dìde.

Ìwé ìròyìn ńlá wà nítòsí wa, àmọ́ gbogbo Nàìjíríà ló ń kọ̀ròyìn fún. Kò ní máa bá wa kọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ilé ìwé ní Ìbàfò, tàbí ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà Mowé. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá. Ní 1859, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Aké.