Orí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù ní Ilẹ̀ Yewa: Ìtàn Yíyàn Rẹ̀ àti Gbígbẹ́ Ihò Rẹ̀ Lẹ́bàá Bodè

1.0 Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ ohun púpọ̀ lórí bodè tó la ilẹ̀ Yewa kọjá. A. I. Asíwájú, tí í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 ṣe àfiwé ìṣàkóso Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé láàrin àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn láti 1889 dé 1945. Àwọn mìíràn ti kọ nípa owó-bodè, nípa ọjà àti nípa fàyàwọ́. Ẹrù tó ń rékọjá ni wọ́n sábà ń wò. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù náà kò tíì rí àyẹ̀wò tó bó ti yẹ.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ náà ni bébà yìí dá lé: orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù, pẹ̀lú àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Kí ló ń pinnu irú orí tí mẹkáníìkì ẹ̀bá bodè yóò yàn, àti bí yóò ṣe gbẹ́ ihò rẹ̀ sí? Èrò àwọn kan ni pé àìsí irinṣẹ́ àti àìkàwé ló ń pinnu rẹ̀. Àbá tí bébà yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀nà, ẹrù àti epo ló ń pinnu rẹ̀, bodè sì ní ọwọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

2.0 Bodè àti Ọ̀nà

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìpìlẹ̀ ààlà náà. Nígbẹ̀yìn, Kétu, Sákétẹ́ àti Pọbẹ̀ bọ́ sábẹ́ Faransé. Ìlaro, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá sì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà yìí ya oko nípá sí ilé, ó ya ọjà nípá sí àwọn tó ń ná an, ó sì sọ ìrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ ẹbí kan dé ọ̀dọ̀ ẹbí kejì di ọ̀ràn aṣọ́bodè.

Ìjọba tó pín ilẹ̀ náà kò la ọ̀nà dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Ẹ̀ka reluwé tó yà láti Ifọ̀ gba Ìlaro kọjá, Ìdógò ló sì parí sí. Kò dé Ayétòrò, kò dé Ìmẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ààlà. Ìdí-Ìrókò ni títì ńlá gbà lọ sí Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà ilẹ̀ pupa àti ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so ọ̀pọ̀ abúlé pọ̀. Ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò ti lè yíjú sí ni alùpùpù ti rí àyè.

Ohun méjì ló tún gbé alùpùpù ga. Èkíní ni ìṣòro ọrọ̀ ajé. Ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ zemidjan gbilẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba wọ́n. Ní Nàìjíríà, irú iṣẹ́ kan náà gba orúkọ ọ̀kadà láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Èkejì ni iye owó. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986 tí iye náírà sì já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n sì gé iye owó CFA sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní 1994, ìṣirò iye ọjà ní ìhà méjèèjì tún yí padà. Láti ìgbà náà, títún ẹ́ńjìnnì ṣe ló kù fún ẹni tí kò lè ra òmíràn.

3.0 Ìmọ̀ Ihò Láàrin Orílẹ̀-èdè

Kì í ṣe ilẹ̀ Yewa nìkan ni ọ̀ràn ihò ẹ́ńjìnnì ti bá ọ̀ràn bodè pàdé. Ní Jámánì, ní àwọn ọdún 1920, Adolf Schnürle wá ọ̀nà láti darí epo àti afẹ́fẹ́ tuntun gba ihò ẹ̀gbẹ́, kí ó lè ti èéfín jáde. Ilé-iṣẹ́ DKW lo ọgbọ́n yìí fún alùpùpù RT 125. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, RT 125 di àwòkọ́ṣe káàkiri: láti ara rẹ̀ ni BSA Bantam ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde, àti Yamaha YA-1 ti Japan ní 1955.

Ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, Walter Kaaden ti ilé-iṣẹ́ MZ tẹ̀ síwájú. Nígbà tó fi di 1961, ó ti fi ètò ihò àti sálẹ́ńsà mú kí ẹ́ńjìnnì 125cc pèsè agbára ẹṣin 25. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ernst Degner, tó ń gun alùpùpù fún MZ, sá lọ nígbà ìdíje ní Sweden. Inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí tí wọ́n fi kọjá ààlà. Ọ̀dọ̀ Suzuki ló gbé ìmọ̀ náà lọ, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 50cc fún wọn ní 1962. Ará Yewa tó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní wá orúkọ mìíràn fún un ju fàyàwọ́ lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ Kaaden jẹ́ ìmọ̀ eré ìje. Agbára ibẹ̀ kì í jáde àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan. Alùpùpù tó gbé èrò méjì gba inú yanrìn láti Ayétòrò lọ sí abúlé kò lè rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá.

4.0 Yíyàn Orí

Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke, orí dà bí ìdérí lásán: kò ní fáàfù, ara ògiri sílíńdà ni ihò wà. Irú èyí ni Suzuki AX100 àti Jincheng tí wọ́n ṣe bí tirẹ̀. Ẹnu sílíńdà AX100 fẹ̀ ní mìlímítà 50, písítíìnì rẹ̀ sì ń rìn mìlímítà 50. Ẹni tó ń yan orí fún un, bí ìyẹ̀wù inú orí ti tóbi tó ló ń yàn. Bí ìyẹ̀wù bá kéré, ìfúnpọ̀ á pọ̀, agbára á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ooru náà á pọ̀, epo tí kò dára á sì gbiná ṣáájú àsìkò. Òpin irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni kí písítíìnì lu.

Ti four-stroke yàtọ̀. Inú orí ni fáàfù ìwọlé àti ti èéfín wà, ibẹ̀ náà sì ni ihò méjèèjì gbà. Honda CG125, tó jáde ní 1976, ni Honda ṣe fún àwọn ilẹ̀ tí wọn kì í ti í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ìsàlẹ̀ ni káàmù rẹ̀ wà, ọ̀pá ló sì ń ti fáàfù. Nínú Bajaj Boxer 100, orí gan-an ni káàmù wà. Ẹnu sílíńdà CG125 jẹ́ mìlímítà 56.5, ti Boxer 53. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo orí tó jọra lójú ló bára mu. Ẹnu sílíńdà àti ààyè bóòtù ni mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n, lẹ́yìn náà ibi tí fáàfù yóò ti sún mọ́ písítíìnì, kí ó tó kan ìyẹ̀wù.

5.0 Gbígbẹ́ Ihò

Ẹni tó bá fi fáìlì gbé etí òkè ihò èéfín two-stroke ga, kí èéfín lè tètè jáde, ti gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi eré sísá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ jẹ́jẹ́, yóò rọ. Fún ọlọ́kadà tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, àdánù nìyẹn. Èyí tó ṣàǹfààní ni kí wọ́n yọ ìdọ̀tí irin tó kù nínú ihò láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, kí ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, kí gásíkẹ́ẹ̀tì má sì yọ sínú wọn. Etí ihò gbọ́dọ̀ ṣe kulubọ díẹ̀, kí ríìngì má bàa kọ́ ọ.

Bákan náà ni ti four-stroke. Bí ihò ìwọlé bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa lọ jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, epo kò ní pò dáadáa, agbára ìbẹ̀rẹ̀ á sì dín kù. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ní ẹ̀yìn ìjókòó fáàfù, níbi tí ihò ti kọ kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni lílọ fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀ títí tí bẹntiróòlù tí wọ́n bá dà sínú ihò kò fi ní jò. Irin tí fáìlì bá ti gbé lọ kò ṣe é dá padà. Ìdí nìyí tí ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n fi níye lórí ju ọwọ́ tó yá lọ.

6.0 Epo àti Òfin

Epo Nàìjíríà ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìrẹsì ń bọ̀ láti ibẹ̀. Alùpùpù wà lára ohun tó ń gbé méjèèjì. Ìjọba ti bodè láti 1984 sí 1986. Ní 2016 wọ́n fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé láti orí ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tún ti bodè, ó sì di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn aṣọ́bodè ní kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé-epo kankan tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ààlà.

Òfin ìkẹyìn yìí dé inú orí ẹ́ńjìnnì. Níbi tí ilé-epo bá ti gbẹ, epo inú kẹ́ẹ̀gì ló kù, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Orí tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ló lè fara da irú epo bẹ́ẹ̀. Bákan náà, nígbà tí owó ìrànwọ́ epo dópin ní oṣù karùn-ún 2023, ẹ̀rọ tó ń mu epo púpọ̀ di ẹrù lọ́rùn olówó rẹ̀. Èyí túbọ̀ fún four-stroke ní ipò lórí two-stroke.

Ẹnìkan lè sọ pé mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún ẹrù wíwúwo ń ran fàyàwọ́ lọ́wọ́. Àríwísí náà kò dúró. Agbára ìbẹ̀rẹ̀ tí onífàyàwọ́ ń fẹ́ náà ni àgbẹ̀ ń fẹ́ láti gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jáde nínú oko, òun náà sì ni aboyún nílò láti dé ilé ìwòsàn ní Ìlaro kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ihò ẹ́ńjìnnì tó mọ ẹrù tó bófin mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bófin mu. Òfin tó bá ka alùpùpù sí irinṣẹ́ ọ̀daràn nìkan, àwọn tí kò ní ọkọ̀ mìíràn ló ń jẹ níyà.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Ohun tó hàn ni pé ihò tó fẹ̀ jù lọ kọ́ ló dára jù lọ. Orí tó bá ọ̀nà, ẹrù àti epo mu ni orí tó dára, mẹkáníìkì ẹ̀bá bodè tó bá yan irú rẹ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àìmọ̀. Ìtàn ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ wà nínú ìpinnu rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn aṣọ́bodè, ẹnu ọ̀gá sí etí ọmọ iṣẹ́ ló ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic ti wà ní Ìlaro láti 1979. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ìtàn jọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kí wọ́n sì ṣe àkọsílẹ̀ ìmọ̀ náà kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó tán.