Fúláàtì Ibùwọ̀ ní Ijapo Estate, Àkúrẹ́

Fúláàtì ibùwọ̀, èyí tí àwọn tó ń fi í ṣòwò ń pè ní ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì, ni ilé oníyàrá kan tàbí méjì tí a ti to bẹ́ẹ̀dì, àga, ìkòkò àti àwo sí, tí èrò ọ̀nà lè gbà fún alẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, kí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé tàbí aṣojú rẹ̀, kí ó sì máa wọlé kí ó máa jáde bí ọmọ onílé, láìjẹ́ pé ó san owó ilé ọdún kan tàbí méjì ṣáájú gẹ́gẹ́ bí àwọn ayálégbé ti ń ṣe. Ilé ìdáná ni ó yà á sọ́tọ̀ pátápátá sí òtẹ́ẹ̀lì, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fi iyán jẹun alẹ́ lè gún un níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, Ijapo Estate wà lára àwọn àdúgbò tí a ti ń rí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kí fúláàtì ibùwọ̀ tó dé, ilé onílé ni èrò ń wọ̀. Láyé Déjì, ọba Àkúrẹ́, Afúnbíowó Adésídà Kìíní, ẹni tó gorí ìtẹ́ ní 1897 tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 1957, bí oníṣòwò kan bá wọ ìlú nírọ̀lẹ́, baba onílé kan ni yóò gbà á sílé, tí yóò fún un ní ẹní àti omi ìwẹ̀, tí yóò fi ọ̀nà ọjà hàn án, tí yóò sì dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé, nítorí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ilé ìsinmi tí ìjọba amúnisìn kọ́ káàkiri, ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Òtẹ́ẹ̀lì ló tẹ̀lé e.

Èrò wá pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ sì tún dé ní 1981. Agbaṣẹ́ṣe tó ń tọ ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alagbaka, òbí tó wá wo ọmọ rẹ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọmọ bíbí ìlú tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sìnkú bàbá rẹ̀, tó sì bá ilé bàbá náà tí ẹsẹ̀ kò gbèrò mọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn lélẹ̀. Ijapo kì í ṣe àárín gbùngbùn ìlú gan-an. Ọjà Ọba lẹ́bàá ààfin àti òpópónà Ọba Adésídà ni ariwo wà. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ń gbé èrò lọ, ó ń gbé e bọ̀, èrò a sì fi ariwo sílẹ̀ lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iyì fúláàtì, kí ó má wo tìmùtìmù rẹ̀. Iná àti omi ni kí ó béèrè. Lábẹ́ ètò owó iná tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, wákàtí 20 lójúmọ́ ni iná gbọ́dọ̀ wà fún àwọn tó wà ní ìpele A, àwọn ìpele tó kù kò sì tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, epo jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù wíwúwo lọ́rùn onílé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń yà sí ínfátà àti sólà, tí àwọn mìíràn sì ń dá wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí èrò béèrè wákàtí náà kí ó tó sanwó. Kí ó tún béèrè bóyá kànga ẹ̀rọ wà, àti owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà.

Baba onílé àtijọ́ kò sí nínú fúláàtì yìí, àyè rẹ̀ sì ṣófo lóòótọ́, nítorí pé owó lè ra bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò ra ẹni tí yóò béèrè bóyá èèyàn sùn dáadáa. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló jogún díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà: òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà ní kùtùkùtù, òun ló mọ ọlọ́kadà tó ṣeé fọkàn tán, òun náà ni yóò sì dìde láti ṣílẹ̀kùn bí àlejò bá pẹ́ dé láti ibi òkú.