Ta Ló Ni Àáké?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Nígbà tí a bá fẹ́ ki ẹnìkan láyà pé kó fara da ìyà ohun tó ń lé ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n òwe náà fi ohun kan pamọ́ sínú: ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ló ni àáké. Bí ẹnu rẹ̀ bá kán, òun ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, òun náà ni yóò sanwó. Nílé iṣẹ́ òde òní, ọ̀gá ló ń jẹ oyin, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló di àáké. Ohun tí mo rí dì mú ni pé ẹni tí èrè ẹ̀rọ ń wọ àpò rẹ̀ ló yẹ kó ru ẹrù ìpalára tí ẹ̀rọ náà bá ṣe, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Jámánì ti sọ èyí di òfin ní 1884. Ìlú Ọba tẹ̀ lé e ní 1897 fún àwọn iṣẹ́ eléwu kan. Kó tó dìgbà náà, òṣìṣẹ́ Ìlú Ọba tó bá farapa nípasẹ̀ àṣìṣe alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń pàdánù ẹjọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin Owó Gbà-máà-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ló wà nílẹ̀. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ó kéré tán 1% gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Ẹni tó farapa kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti farapa. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá lẹ́tọ̀ọ́ sí 90% owó oṣù rẹ̀. Òfin náà ka káṣùà àti ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, bí àdéhùn wọn tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán.

Àwọn ọ̀gá a máa sọ pé àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ ló ń gé e níka. Òótọ́ ni pé ènìyàn a máa ṣàṣìṣe, pàápàá ẹni tó ti ń ti pákó sẹ́nu ayùn nílé ìlagi láti òwúrọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí òfin ilé iṣẹ́ fi ní kí a fi ìbòrí sí ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì yọ ìbòrí kí iṣẹ́ lè yá, èrè ìyára náà kì í wọ àpò òṣìṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹrù náà wúwo jù fún oníléeṣẹ́ kékeré. Ọ̀gá tó ń san ₦500,000 lóṣù yóò dá ₦5,000. Ìjàǹbá kan ṣoṣo tó bá dá nìkan gbé lè ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa. Àwọn kan tún ní ọ̀gá tó bá ti sanwó ọsìbítù ti ṣe tirẹ̀. Ó ṣeun, àmọ́ oore lè tán lọ́jọ́ tí inú ọ̀gá bá yí padà. Ìdí nìyí tí òfin kò fi gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ ń pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́, òfin sì ní gbèdéke: kí ó sọ fún máníjà tàbí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó àjọ NSITF létí láàrin ọjọ́ 7, kí a sì béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ẹ̀tọ́ yìí ní láárí, kí ó rí i pé a kọ gbogbo ìpalára sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ti káṣùà bíi ti ẹni tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́.