Ìkúùkù Tí Igi Ń Dì

Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì. Ohun tí òwe yìí kò sọ ni bóyá ọwọ́ àlejò á tún tẹ́ nígbà tó bá kúrò nílùú náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko sì ń wádìí lára igi ìgbẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹni tó ní ewúro lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé ewé èyí tó wà lábẹ́ ibòji máa ń fẹ̀, ó sì máa ń rí fẹ́lẹ́ ju ti ojú oòrùn lọ. Ní aṣálẹ̀ Sonora, láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kúkúrú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní brittlebush. Lásìkò òjò, ewé rẹ̀ a fẹ̀, a sì tutù yọ̀yọ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń wọlé, ewé tuntun tó ń yọ á kéré, á nípọn, irun funfun á sì bò ó. Irun yìí ló ń ta ìtànṣán oòrùn padà, kí ewé má baà gbóná jù, kí omi ara rẹ̀ má sì tètè tán. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: ìmọ́lẹ̀ tó ń lé lọ yẹn náà ló fi ń ṣe oúnjẹ. Bí òjò bá tún dé, ewé tútù á tún yọ lórí igi kan náà.

Ẹ wá wo etí òkun Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń lu àpáta. Igi broom tó máa ń ga ju èèyàn lọ níbi tó jìnnà sókun ń sùn gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ni kò ní sọ pé atẹ́gùn ló tẹ̀ ẹ́? Bó ṣe rí fún igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní hawthorn nìyẹn lóòótọ́: iyọ̀ ń pa ọ̀mùnú tó kọjú sókun, ẹ̀ka á wá dorí kọ ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin èso broom etí òkun sínú ọgbà tí atẹ́gùn kò dé, ọmọ tó hù á ṣì sùn sílẹ̀. Ó ti di àjogúnbá. Láti ìran dé ìran, èyí tó nàró ni atẹ́gùn ń dá lóró, èyí tó fara balẹ̀ ló ń rí èso so.

Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun tí ibùgbé fà àti ohun tí igi jogún. Göte Turesson, ará Sweden, kó ewéko láti etíkun àti igbó, ó gbìn wọ́n pa pọ̀ sójú kan. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1922, ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn kò pa ìrísí ilé wọn tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbin igi sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ẹ má wo orúkọ igi nìkan. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣa èso rẹ̀.